Pátákó Ẹ̀gbẹ́ Àkàbà

"Ta ló fọwọ́ kan pákó mi? Mo ní ta ni! Kí ẹni náà bọ́ síta kí n rí ojú rẹ̀!"

Atọ́nà, ọmọbìnrin tó ń mú àwọn àlejò wọ inú òkun, ló ń pariwo. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà ọkọ̀, omi òkun ń kán tó-tó-tó lára aṣọ rọ́bà rẹ̀, ó na ìka sí pátákó ńlá tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀ níbẹ̀. Gbogbo àlejò tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ẹni tó ń mu tíì gbé ife dúró lẹ́nu, kò mu ún, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

"Èmi ni."

Ọkùnrin kan ló dáhùn láti orí àpótí tó jókòó sí. Atọ́nà yíjú sí i kí ó fi ọ̀rọ̀ gún un, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà dúdú, ó ń dán, ó ga bí igi àgbọn. Etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí etí ìkòkò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, eyín rẹ̀ sì tò bí ẹni pé ẹnì kan fi ara balẹ̀ tò ó ní ọjọ́ tí kò níṣẹ́ mìíràn.

"Mo rí yín lórí àkàbà, ọwọ́ yín kún. Mo ní kí n bá yín yí i. Oore ni mo ṣe."

"Oore!" Atọ́nà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o, oore ló ṣe! Gbogbo ohun tí mo sọ láàárọ̀ yìí, ibo lẹ gbé e sí? Àbí ẹ kàn ń fi etí yẹn gba atẹ́gùn ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fọwọ́ kan etí rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bí Atọ́nà nínú jù.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ síbì kan kí a sì sọ̀ kalẹ̀. Inú rẹ̀ ni àlejò ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fò sínú òkun, sílíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, awò lójú, kí wọ́n lè lọ wo àwọn ẹ̀dá tí ń gbé ìsàlẹ̀ omi. Olúkúlùkù ní pákó kan tó rí roboto bí àtẹ́lẹwọ́. Ojú kan pupa, ojú kejì funfun. Orúkọ tó bá wu kálukú ló ń kọ sí i. Inagijẹ ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ti ẹni ni ti ẹni. Bí o bá fẹ́ wọ omi, o ó yí i sí pupa. Bí o bá gòkè padà, o ó fi ọwọ́ ara rẹ yí i sí funfun. Bàbá Atọ́nà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ọ̀gá Ọkọ̀, kì í ka orí ẹnikẹ́ni. Pátákó ló ń wò. Bí pupa kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, ọkọ̀ kò ní mira. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti funfun, ẹ́ńjìnnì a dún, ó di ọ̀nà.

"Nítorí náà," ni Atọ́nà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ọkọ kì í yí ti aya, ìyá kì í yí ti ọmọ. Ẹ yí pákó mi. Ká ní mo tún padà sínú omi lọ mú iná tó bọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ẹ ò bá ti fi mí ta ẹja lọ́rẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó dìde dúró. "Mo ṣìṣe. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Ẹni tó gbé igi jíjà jáde, tí ọ̀tá rẹ̀ wá kúnlẹ̀, kí ni yóò fi igi náà ṣe? Atọ́nà wú ikọ́. "Kí ni wọ́n ń pè yín?"

"Eléyín. Oníṣègùn eyín ni mí."

"Ó dáa, Eléyín. Láti òní lọ, èmi ni ìkejì yín nínú omi. Ojú mi kò ní kúrò lára yín."

Lábẹ́ agbòòrùn kan, obìnrin àgbàlagbà tó ń fi ìpara olóòórùn líle pa iwájú orí nítorí ìgbì òkun gbóhùn sókè. "Ẹ rọra ṣe é o. Ọmọ mi ni. Láti kékeré ni oore ti máa ń kó bá a."

Ìyá Alásè, tó ń se oúnjẹ fún wọn, ti yọ orí síta láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. "Irú ìjìyà wo nìyí? Ta gan-an ló fẹ́ jẹ ẹ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Atọ́nà lọ bọ́ aṣọ rọ́bà rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ òkun kì í ṣe ibi ariwo. Atọ́nà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lókè, bó bá ti rì báyìí, àlàáfíà a bá a. Oòrùn a máa wọ inú omi wá ní fọ́nrán-fọ́nrán bí òwú. Ẹja kéékèèké a máa kọjá bí ọmọ ilé ìwé tí agogo ti lù fún. Èémí tirẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́: fùú, fàá.

Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń da omi rú. Wọ́n á máa ta ẹsẹ̀, wọ́n á máa na ìka, wọ́n á fẹ́ fọwọ́ kan gbogbo ohun tí wọ́n bá rí bí ẹni ń yan tòmátì. Eléyín kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ká ọwọ́ mọ́ra, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sójú kan, ó ń wò. Atọ́nà ń wo bó ṣe ń wò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ òun ni.

Ní ẹ̀bá àpáta kan, Eléyín dúró gbọnin. Nínú ihò àpáta náà ni ẹja kan wà tó gùn bí ejò, ojú rẹ̀ burú bí ojú agbowó-òde. Ó la ẹnu gbàgà. Edé kékeré kan tí ara rẹ̀ pupa fòò sì ń rìn kiri nínú ẹnu náà, láti eyín dé eyín, ó ń ṣa ìdọ̀tí jẹ. Ẹja náà kò pa ẹnu dé. Ó ṣe sùúrù bí ẹni tó san owó ìtọ́jú.

Eléyín fọwọ́ méjèèjì dì mọ́ orí. Ó na ìka sí edé náà, ó na ìka sí àyà ara rẹ̀, ó tún na ìka sí edé: iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe! Kí Atọ́nà tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti mí kanlẹ̀, ó yọ ike ìmí kúrò lẹ́nu, ó gbé ojú súnmọ́ àpáta, ó la ẹnu tirẹ̀ náà gbàgà.

Edé wò ó. Edé wò ó títí. Ó wá gòkè láti orí àpáta sínú ẹnu Eléyín, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀rín bú jáde lára Atọ́nà. Ẹ̀rín kò sì dára lábẹ́ omi: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá gbéra sókè a ṣí àyè sílẹ̀ lábẹ́ awò, omi a sì rọ́ wọlé. Omi iyọ̀ kún ojú rẹ̀, kò ríran mọ́. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ọwọ́ kan di apá òun mú, jẹ́jẹ́, títí ó fi fẹ́ omi náà jáde. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, Eléyín wà níwájú rẹ̀, ike ìmí ti padà sí ẹnu rẹ̀, ó fi ìka ìlábẹ̀ àti àtàǹpàkò ṣe òrùka: ṣé kò sí nǹkan?

Atọ́nà dá òrùka náà padà fún un. Ṣùgbọ́n irọ́ ló pa. Nǹkan wà.

Nígbà tí wọ́n gòkè, kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí pákó tirẹ̀. "Ṣé mo ṣe é dáadáa?" ni Eléyín béèrè.

"Ẹ ṣe é. Edé yẹn ńkọ́, kí ló rí?"

"Ó ní kí n dín ṣúgà kù."

Ọ̀sán kan tẹ̀ lé òmíràn báyìí, òkun tẹ́jú bí ẹní. Wọ́n rí alábahun òkun tó ń sùn lábẹ́ òkúta. Wọ́n rí ẹja tó ń fi ìyẹ́ fò lábẹ́ omi bí ẹyẹ. Ohun tí gbogbo ọkọ̀ ń wá gan-an ni wọn ò tíì rí: ẹja ńlá tí àwọn ará ọkọ̀ ń pè ní Ìyá Alámì. Irú àkùrákùdà kan ni, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tóbi ju mọ́tò akérò lọ, àmì funfun bo ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbòòrò bí ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ nǹkan wẹẹrẹ inú omi ló fi ń yó.

"Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín," ni Eléyín sọ fún un. Wọ́n jókòó sí ìdí ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń fa omi. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. "Kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́. Kò sì fi ìkankan jẹun. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń fẹ́ rí i. Ẹni tó ní eyín tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan kò dùn ún rí!"

"Ẹ fi ilé ìwòsàn yín sílẹ̀ nítorí ẹnu ẹja?"

"Mo fi sílẹ̀ nítorí ẹnu ẹja. Mi ò mọ̀ pé ẹnu mìíràn ni màá bá níbí, tí yóò máa bú mi láàárọ̀, lọ́sàn-án." Ó rọra wò ó. "Ọmọ Ọ̀gá Ọkọ̀, ṣé o ò lè dákẹ́ 'ẹ' tí ò ń 'ẹ' mi yìí? Ó ń jẹ́ kó dà bíi pé mo ti hu ewú."

"Àlejò ni yín. Àlejò ni 'ẹ'." Ó tọ́ka sí pátákó lẹ́yìn wọn. "Ẹ wò ó. Ìkọ́ wáyà ni pákó àlejò wà, kí ó lè rọrùn láti yọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ. Ti àwa ará ọkọ̀, okùn rẹ̀ ni wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ pátákó: ó ń yí, kò ṣe é yọ. Ẹnì kan ti wá rí, ìkọ́ kẹta láti òkè, ó ní òun ń padà bọ̀. Ó mú pákó rẹ̀ lọ láti fi ṣe ìrántí. Ohun tó rántí nìyẹn."

Eléyín kò sọ pé òun kò jọ onítọ̀hún. Òpònú ọkùnrin ni ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Mo ti gbọ́."

Nítorí pé kò búra, Atọ́nà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ omi, ó fi kan tirẹ̀. "Ó dáa," ni ó wí. "Má hu ewú mọ́."

Ọ̀gá Ọkọ̀ rí wọn láti òkè níbi tó ti ń tukọ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ọwọ́ náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra.

"Ìyá mi," ni ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ń pè é bí ọ̀rọ̀ bá kan ọkàn, "àlejò dà bí ìgbì. A pariwo dé, a fi ìfófòó sí ọ lẹ́sẹ̀, a lọ. Mo ti nu ojú rẹ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ nù ún lẹ́ẹ̀kejì."

"Bàámi, ẹ jẹ́ kó wo eyín yẹn fún yín ná."

"Eyín wo? Ta ló ní eyín ń dun òun?"

"Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ fi ń jẹun, ẹ wá ń béèrè eyín wo."

"Ẹni tí mo bá fọkàn tán ni mo ń ya ẹnu fún," ni Ọ̀gá Ọkọ̀ wí. "Mi ò tíì rí i."

Nísàlẹ̀, lábẹ́ agbòòrùn, Màmá Eléyín náà ń fa etí ọmọ tirẹ̀, etí yẹn sì rọrùn láti fà. "Obìnrin tó ń gbé inú omi! Ibo lo fẹ́ kọ́lé sí fún un, lórí ẹ̀yìn ẹja? Ìwọ nìkan ni mo bí, mo tẹ̀ lé ọ wá sórí agbami yìí kí n lè máa rí ọ, o wá fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé àna."

"Màmá, eyín ń dun àwọn ará èbúté náà. Mo lè ṣílé ìtọ́jú síbi tí ọkọ̀ yìí ń gúnlẹ̀ sí."

"O ti rò ó débẹ̀?" Màmá tún bu ìpara sórí. "Yéè. Ó ti rò ó débẹ̀."

Ó wá di òwúrọ̀ kan tí omi mọ́ gaara. Atọ́nà àti Eléyín jọ dúró níwájú pátákó, wọ́n jọ yí pákó sí pupa, wọ́n fò sínú omi tẹ̀ lé àwọn yòókù. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pátákó lọ́jọ́ náà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni òjìji wà.

Nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀, iṣan fa àgbàlagbà kan nínú àwọn àlejò lẹ́sẹ̀. Atọ́nà ní láti tì í gun àkàbà. "Di okùn ìdí ọkọ̀ mú," ló sọ fún Eléyín, "ìwọ ló kàn." Ó gbé àgbàlagbà náà gòkè, ó yí pákó ara rẹ̀ sí funfun, ó mú un lọ jókòó, ó ń bá a wọ́ ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ìyá Alásè ti figbe ta láti iwájú ọkọ̀. "Ìyá Alámì! Ìyá Alámì ló ń lọ yẹn!"

Gbogbo èèyàn sáré síwájú. Lóòótọ́, òjìji ńlá kan ń kọjá lábẹ́ omi. Ọ̀gá Ọkọ̀ bojú wo pátákó. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Atọ́nà pẹ̀lú wẹ̀yìn wò: kò sí ẹnikẹ́ni lórí okùn, pákó Eléyín funfun. Ó ti gòkè, ni ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dún, ọkọ̀ gbéra, ó tẹ̀ lé òjìji náà títí òjìji náà fi wọ inú ibú lọ.

Inú àlejò dùn, ariwo sọ. Atọ́nà ń wá ojú kan láàárín wọn kí ó lè bá a yọ̀. Kò rí i. Kò sí ní yàrá oúnjẹ, kò sí níbi tí wọ́n ń sá aṣọ rọ́bà. Ó padà sí ẹ̀bá àkàbà, ó gbé ọwọ́ lé pákó Eléyín.

Pákó gbogbo ẹni tó wọ omi ṣì tutù, nítorí ọwọ́ tútù ló yí wọn. Tirẹ̀ gbẹ bí egungun.

"Bàámi! Ẹ yí ọkọ̀ padà! Eléyín kò sí nínú ọkọ̀, ẹ yí i padà!"

Ọ̀gá Ọkọ̀ gbá ìtọ́kọ̀ mú. Ó yí i. Màmá gbọ́, agbòòrùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Atọ́nà dúró sí imú ọkọ̀, ó ń ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀nà fún bàbá rẹ̀. Òun tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹ̀rù ní àyè lára òun.

Wọ́n rí i. Ó fẹ́ atẹ́gùn kún ẹ̀wù rẹ̀, ó sùn kalẹ̀ lójú omi, ó ti na rọ́bà pupa gígùn tí a fi atẹ́gùn kún, tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀, sókè bí ẹni mú fìtílà. Atọ́nà kò dúró de àkàbà. Ó fò sínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò àti àwọ̀tẹ́lẹ̀, ó lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di í mú ní kọ́là.

"Mo kàn fi ojú bolẹ̀ láti wò ó," ni Eléyín wí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ó kọjá lábẹ́ mi, mo jọ̀wọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan péré, omi gbé mi. Mo rí ẹnu rẹ̀. Mo rí gbogbo eyín yẹn."

"Dákẹ́."

"Mo mọ̀ pé wàá wá. Bí mo bá kúrò nínú omi yìí, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Kọ́kọ́ kúrò nínú omi ná, òmùgọ̀!" Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ta ló lè rí omi ojú láàárín òkun?

Lórí ọkọ̀, Ọ̀gá Ọkọ̀ dúró níwájú pátákó. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Dókítà, pákó yín funfun, ẹ wà nínú omi. Ta ló yí i?"

Eléyín fi aṣọ ìnura bo èjìká. Ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó padà. "Èmi ni. Mo yí i sí pupa, mo sì ṣèèṣì dá a padà. Ẹ̀bi mi ni."

Irọ́ ni. Atọ́nà mọ̀. Èjìká wọn kan ara wọn nígbà tí wọ́n yí i. Pupa ló rí kó tó fò.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ yí pákó ọmọ mi," ni Ọ̀gá Ọkọ̀ wí. "Lónìí, ẹ fi ti ara yín ṣeré, ẹ fẹ́ sọ mí di apààyàn. Bí a bá ti gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ tẹ ọkọ̀ yìí mọ́. Ẹni tí mi ò lè fi pákó lé lọ́wọ́, mi ò lè fi ọmọ lé e lọ́wọ́." Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó gòkè lọ.

Gbogbo èèyàn tú ká. Eléyín wo Atọ́nà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Atọ́nà yọ pákó náà kúrò lórí ìkọ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé e sí imú. Ìpara. Òórùn líle tó ń ta sí ni lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bi ara yín léèrè: kí lẹ ò bá ṣe? Ó lè pariwo. Ariwo kì í wọ́n ọn. Ẹsẹ̀ kan ni yóò gbé, gbogbo ọkọ̀ á ti mọ̀, Eléyín á bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti yàn láti fi ara rẹ̀ bo ìyá rẹ̀. Bí òun bá ṣí ìbòrí yẹn lójú ọjà, yóò rí ẹjọ́ jàre, kò ní rí ọkùnrin náà mọ́. Bí ó bá sì dákẹ́, èbúté kò jìnnà.

Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Kò pariwo. Ó mú ọwọ́ ìyá àgbàlagbà náà, ó gbé pákó náà sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ojú pupa sókè, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Mi ò lè wo orúkọ ọmọ mi ní pupa. Ó ń dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú mi. Mo ní kí n yí i sí funfun díẹ̀ kí àyà mi balẹ̀, bí mo bá ti gbọ́ ohùn yín lórí omi, màá dá a padà. Oorun gbé mi lọ." Ó gbé ojú sókè. "O mọ̀. O ò pariwo mọ́ mi?"

"Màmá, mo ti pariwo mọ́ ọmọ yín. Ó tó."

Ìyá náà dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò lè dúró lórí ọkọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéra gbé e gun àtẹ̀gùn lọ bá Ọ̀gá Ọkọ̀, Atọ́nà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn kó má baà ṣubú. "Ọ̀gá Ọkọ̀," ni ó wí, "ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi ru ẹrù mi. Ọwọ́ yìí ló yí i." Ó sọ gbogbo rẹ̀, láìyọ ọ̀kan, láìfi ọ̀kan kún un.

Ọ̀gá Ọkọ̀ wo òkun. Ó wo obìnrin náà. Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n pe Eléyín wá.

"Dókítà, ẹ purọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó jókòó sórí àga tó fi ń tukọ̀, ó fa ẹ̀mí gígùn, ó la ẹnu gbàgà bí ẹja inú ihò àpáta. "Ẹ wá wò ó."

Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kì í fi irinṣẹ́ sílé. Eléyín gbé àpò rẹ̀ wá, ó fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, Atọ́nà tan iná sí ẹnu bàbá rẹ̀, Ìyá Alásè di abọ́ mú. Nígbà tí ọwọ́ Eléyín ti wọ ẹnu náà tán, tí kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ lè gbà jáde, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

"Ọ́-ọ̀-ọ́-ọ̀!" ni Ọ̀gá Ọkọ̀ wí.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Alásè wí.

"Ṣé ohun tó sọ nìyẹn?" ni Màmá béèrè.

"Èmi ni mo ń se oúnjẹ fún ẹnu yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo mọ èdè rẹ̀."

Eyín bọ́ sínú abọ́: kóló.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀, àwọn àlejò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, kálukú ń yọ pákó rẹ̀ kúrò lórí ìkọ́ láti mú lọ sílé. Pátákó ń ṣófo díẹ̀díẹ̀. Eléyín yọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò bóyá kò ní mì.

"O fẹ́ mú un lọ ṣe ìrántí," ni Atọ́nà wí.

"O ò tíì dá mi lóhùn. Mo bi ọ́ nínú omi. O ní kí n kọ́kọ́ jáde. Mo ti jáde."

"Mú pákó yẹn wá."

"Ẹnì kan kì í fọwọ́ kan pákó ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ìwàásù."

"Mi ò ní yí i. Màá kàn bá ọ dì í mú."

Ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá Ọkọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì, òwú kún ẹnu rẹ̀, kò lè sọ gbólóhùn kan. Ó mú òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó kọjá láàárín wọn, ó dúró níwájú pátákó, níbi tí ìṣó ọmọ rẹ̀ wà, ó fi ìka wọn àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Atọ́nà gbé pákó Eléyín lé ọwọ́ náà.

Ọ̀gá Ọkọ̀ gbé e sí àyè tó wọ̀n, ojú funfun síta. Ó yọ ìṣó tuntun láti inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gún un sí okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́. Ó lù ú, ìṣó náà dúró. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé dé ìdajì. Ó yíjú wo Eléyín láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbé òòlù sókè kọjá èjìká, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀: gbàà!